Iye Ẹ̀dà Tí Ó Jáde Kọ́ Ni Iye Ẹni Tí Ó Ń Jẹ Àǹfààní

 Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí fara jọ ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n bí a bá tú u palẹ̀, ọ̀rọ̀ ìṣirò àti ìdájọ́ ni. Bí ènìyàn bá ṣe ohun kan, tí ó sì fi í ta gbogbo ayé lọ́rẹ, báwo ni yóò ṣe mọ iye àwọn tí ó ń lò ó? Ẹlòmíràn lè sọ pé kí ni ó kan òun níbẹ̀. Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ni ìjọba àti àwọn olówó ń wò kí wọ́n tó pinnu iṣẹ́ tí wọn yóò fi owó ràn lọ́wọ́ àti èyí tí wọn yóò jẹ́ kí ó kú.

Ètò kọ̀ǹpútà ni àkójọ àwọn àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé láti ṣiṣẹ́. Oríṣi kan wà tí ẹni tí ó ṣe é fi inú rẹ̀ pamọ́. Owó ni a sábà máa ń fi rà á, a kò sì gbọdọ̀ tú u wò. Oríṣi kejì ni èyí tí a ṣí sílẹ̀. Ẹni tí ó kọ ọ́ tẹ́ gbogbo inú rẹ̀ síta, ẹnikẹ́ni sì lè gbà á, kí ó tún un ṣe, kí ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ó sì fún ẹlòmíràn láìsan kọ́bọ̀. Firefox tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, LibreOffice tí a fi ń tẹ ìwé, àti VLC tí a fi ń wo fíìmù, ara oríṣi kejì yìí ni gbogbo wọn. Bí ènìyàn bá gba irú ètò bẹ́ẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì wá sórí ẹ̀rọ tirẹ̀, ìyẹn ni àwọn ọ̀dọ́ wa ń pè ní dáńlóòdù.

Ẹni tí ó ń ta ọjà mọ iye tí ó tà, nítorí pé owó wọ àpò rẹ̀. Ẹni tí ó fi ọjà ta ayé lọ́rẹ kò ní ìwé owó kankan tí yóò yẹ̀ wò. Ohun tí ó sábà máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju iye ìgbà tí ẹ̀rọ tí ó kó ètò náà pamọ́ sí yọ ẹ̀dà kan fún ẹni tí ó béèrè. Iye yìí a sì máa dùn ún gbọ́ létí. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2008, àwọn tí ó ni Firefox pe gbogbo ayé jọ láti wá gba ẹ̀dà tuntun. Láàárín wákàtí 24, ẹ̀dà 8,002,530 ni ó jáde, àwọn Guinness sì kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ohun tí kò sí irú rẹ̀ rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, àwọn tí ó ni VLC náà kéde pé dáńlóòdù tiwọn ti lé ní bílíọ̀nù 6.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọgbọ́n yẹ iye tí ó kẹ́yìn yìí wò. Gbogbo ènìyàn tí ó wà láyé, àtàgbà àtọmọ ọwọ́, kò ju bílíọ̀nù 8 àti díẹ̀ lọ. Ṣé a ó wá sọ pé nínú ènìyàn mẹ́rin, mẹ́ta ni ó ń lo VLC? Rárá o. Ẹni tí ó gbà á ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni ó tún gbà á nígbà tí ẹ̀dà tuntun jáde, òun náà ni ó tún gbà á nígbà tí ó pààrọ̀ ẹ̀rọ. Ènìyàn kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ìwé kà á ní ìgbà mẹ́wàá. Àwọn tí ó kéde iye náà kò purọ́, nítorí pé iye ẹ̀dà tí ó jáde ni wọ́n sọ. Àwa tí a gbọ́ ọ ni a sọ ọ́ di iye ènìyàn lọ́kàn ara wa.

Ẹ wo ìrìn àjò tiwa. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ Ìbàdàn ní ibùdókọ̀ Jabi yóò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé èrò ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkọ̀ gbé lẹ́bàá ọ̀nà ní Gwagwalada tàbí ní Lokoja kò sí nínú ìwé yẹn. Ìyá oníṣòwò kan sì lè san owó àga méjì nítorí ẹrù rẹ̀. Bí ẹnì kan bá gbé ìwé Jabi dání ní Ìbàdàn, tí ó ní òun ti mọ iye ọmọ Yorùbá tí ó wálé fún ọdún Iléyá tàbí ọdún Kérésìmesì, a ó bi í léèrè bóyá ara rẹ̀ yá. Ìwé náà kì í ṣe ìwé èké. Ó wúlò fún ohun tí a tìtorí rẹ̀ kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí a kò rán an ni a fẹ́ kí ó jẹ́ fún wa.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ dáńlóòdù rí. Ọ̀nà púpọ̀ ni iye rẹ̀ ń gbà wú ju bí ó ti yẹ lọ. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lójijì, èyí tí gbogbo wa mọ̀ dáadáa ní orílẹ̀-èdè yìí, ẹni tí ó ń gba ètò yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìwé lè kà á ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Yàtọ̀ sí èyí, kì í ṣe ènìyàn nìkan ni ó ń béèrè ẹ̀dà. Àwọn iléeṣẹ́ tí ó ń kọ ètò ní ẹ̀rọ aládàáṣiṣẹ́ tí ó máa ń lọ gba ẹ̀dà gbogbo ohun èlò wọn lọ́tun ní gbogbo ìgbà tí òṣìṣẹ́ kan bá yí ìlà kan padà. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè béèrè lọ́pọ̀ ìgbà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan nǹkan. Ní ọdún 2014, àwọn tí ó ni npm, tí í ṣe ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan fún àwọn tí ó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ṣàlàyé fúnra wọn pé iye tí àwọn ń gbé jáde kò ju iye ìgbà tí ẹ̀dà kúrò lọ́dọ̀ àwọn lọ, àti pé ẹ̀rọ ni ó ń béèrè púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ọ̀nà tí iye náà ń gbà rù pẹ̀lú kò kéré. Ní àwọn ibi tí owó dátà ti wọ́n, ẹni kan ni yóò gba ètò láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò kó o sórí fláàṣì, yóò sì fún ogún ọ̀rẹ́. Olùkọ́ kan lè fi ẹ̀dà kan ṣoṣo sórí gbogbo kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àwọn yunifásítì mìíràn káàkiri ayé ń tọ́jú ẹ̀dà sí ọ̀dọ̀ ara wọn kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn lè rí i gbà nítòsí. Ilé ìkẹ́rùsí àkọ́kọ́ kò rí ìkankan nínú gbogbo ìwọ̀nyí. Lójú rẹ̀, ẹni kan ni ó wá, ó gba ọ̀kan, ó sì lọ.

Ètò mìíràn sì wà tí a kì í dìídì lọ gbà rárá, nítorí pé inú ètò mìíràn ni ó wà, bí iyọ̀ ti wà nínú ọbẹ̀. OpenSSL jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Òun ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ lágbàáyé fi ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí àti owó àwọn ènìyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, a rí àbùkù ńlá kan nínú rẹ̀ tí a pè ní Heartbleed, jìnnìjìnnì sì bo gbogbo ayé. Ìgbà náà ni àwọn ènìyàn tó mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó fi iṣẹ́ náà ṣe iṣẹ́ òòjọ́, àti pé owó tí ayé ń dá fún wọn lọ́dún kò ju nǹkan bí 2,000 dọ́là lọ. Ohun tí gbogbo ayé gbára lé, ayé kò rí i. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìdálẹ̀ mọ irú èyí. Ọmọ ìlú tí kò sí nílé, a kì í kà á mọ́ ará ilé; bẹ́ẹ̀ owó rẹ̀ wà nínú bíríkì tí a fi kọ́ gbọ̀ngàn ìlú.

Ó tó àkókò wàyí kí a padà sí ilẹ̀ wa. Ní oṣù Keje ọdún 2014, arìnrìn-àjò kan gbé àrùn Ebola wọ Èkó láti Làìbéríà. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn First Consultants ní Ọbáléńdé, pàápàá jù lọ Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, kọ̀ jálẹ̀ pé ọkùnrin náà kò gbọdọ̀ jáde; dókítà náà sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i. Ẹni 20 ni àrùn náà mú, ẹni 8 ni ó kú. Kí ó tó kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní láti máa tọpa àwọn ènìyàn bí 900 tí wọ́n ti fara kan aláìsàn ní Èkó àti ní Port Harcourt, kí wọ́n sì máa yẹ̀ wọ́n wò lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà.

Láti inú ìpọ́njú yìí ni a ti bí ètò kọ̀ǹpútà kan tí ń jẹ́ SORMAS. Àwọn onímọ̀ láti ilé ìwádìí Helmholtz ní ìlú Braunschweig ní Jámánì pawọ́ pọ̀ mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera Nàìjíríà, wọ́n sì ṣe ètò tí òṣìṣẹ́ tí ó wà ní ìgbèríko lè fi fóònù ròyìn aláìsàn, tí ìròyìn náà yóò sì dé Abuja láìdúró de ìwé. Wọ́n ṣí ètò náà sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Nígbà tí àrùn monkeypox bẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 2017, àjọ NCDC, tí oríléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Jabi níhìn-ín, fi í ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lò ó fún ibà Lassa àti àrùn yírunyírun. Ghana náà gbà á. Nígbà tí àrùn Kòrónà sì dé ní ọdún 2020, Jámánì fúnra rẹ̀ gbé e wọ àwọn ọ́fíìsì ìlera tirẹ̀. Ohun tí ìyà Èkó kọ́ wa ni àwọn aláwọ̀ funfun fi tọ́jú ara wọn nílé wọn nígbà náà.

Ẹ wá bi mí: bí a bá fi dáńlóòdù ka SORMAS, mélòó ni Nàìjíríà yóò jẹ́? Orí ẹ̀rọ ńlá kan fún gbogbo orílẹ̀-èdè ni a máa ń gbé irú ètò yìí sí. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó wà káàkiri ń gba apá tiwọn láti orí ẹ̀rọ ilé wọn yìí. Ilé ìkẹ́rùsí àkọ́kọ́ kò mọ̀ wọ́n. Nípa bẹ́ẹ̀, Nàìjíríà tí ó ní ìjọba ìbílẹ̀ 774 lè fara hàn nínú ìwé bí ẹnì kan ṣoṣo. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìlú òyìnbó tí ó gba ètò kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta láti fi tọ́ ọ wò, tí kò sì tún ṣí i mọ́, yóò fara hàn bí ẹni mẹ́ta. Bí olówó kan bá wá fi ìwé yìí ṣe ìdájọ́, akẹ́kọ̀ọ́ náà fi ìlọ́po mẹ́ta ju gbogbo Nàìjíríà lọ. Irú ìdájọ́ wo nìyẹn?

Kí a má rò pé àwọn tí ó ń ṣe ètò ọ̀fẹ́ nìkan ni ìṣirò ń tàn jẹ. Ní Abuja yìí kan náà ni àjọ NCC wà, èyí tí ó ń mójú tó ọ̀rọ̀ tẹlifóònù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ìwé àjọ náà fi hàn pé ìlà fóònù tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà ti lé ní mílíọ̀nù 210. Nígbà tí wọ́n yẹ ìwé àwọn iléeṣẹ́ fóònù wò fínnífínní lọ́dún kan náà, iye náà wálẹ̀ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 154. Kì í ṣe pé ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn sọ fóònù wọn nù. Ìlà tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ ni a ti ń kà mọ́ èyí tí ó ń ṣiṣẹ́. Mo yin àjọ náà pé wọ́n gbé iye tuntun jáde láìfi pamọ́. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé iye tí ó kéré tí ó sì jẹ́ òtítọ́ sàn fún ìlú ju iye ńlá tí ó wú lọ, nítorí pé orí iye wọ̀nyí ni a ń kọ́ òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì lé, tí a sì ń pín owó lé.

Ẹlòmíràn lè sọ pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí a kúkú jáwọ́ nínú kíkà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Òṣùwọ̀n tí ó wọ́ lè má sọ bí nǹkan ti gùn tó, síbẹ̀ ó lè sọ bóyá ó ń gùn sí i tàbí ó ń kúrú. Bí dáńlóòdù ètò kan bá ń dín kù ní oṣooṣù, ó yẹ kí ẹni tí ó ni ín béèrè ìdí. Dáńlóòdù tún lè fi ewu hàn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, a rí àbùkù burúkú nínú ètò kan tí ń jẹ́ Log4j, a sì tún un ṣe. Ìwé dáńlóòdù ni ó fi yé ayé pé, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù, àwọn iléeṣẹ́ ṣì ń gba ẹ̀dà tí ó ní àbùkù. Iṣẹ́ tí ó tọ́ sí dáńlóòdù nìyẹn. Ohun tí kò tọ́ sí i ni kí a fi í jẹ adájọ́ lórí ohun tí iṣẹ́ kan já mọ́.

Ìdí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí ka iwájú ẹ̀yin ọmọ Yorùbá ni pé èdè wa wà nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ wa kan ti ṣe ohun rere, wọ́n sì fi í fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn YorubaName, tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀, kó orúkọ Yorùbá àti ìtumọ̀ wọn jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n sì ṣe ètò ọ̀fẹ́ tí ènìyàn lè fi tẹ àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ní ìdálẹ̀, níbi tí ọmọ wa ti ń gbọ́ èdè mìíràn nílé ìwé àti lójú títì, irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eré. Ọmọ tí ó lè tẹ orúkọ baba rẹ̀ bí ó ti tọ́ ti di nǹkan kan mú nínú ilé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àwa fúnra wa ti ń lò ó. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ìlú kan yóò gbà á, yóò fi fláàṣì pín in fún àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ mìíràn. Olùkọ́ yóò gbà á lọ́wọ́ akọ̀wé. Òǹtẹ̀wé yóò gbà á lọ́wọ́ olùkọ́. Ètò náà ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìwé sì ń ka ẹni kan. Bí ẹni tí ó ni ètò bá wá lọ bá iléeṣẹ́ ńlá kan fún ìrànlọ́wọ́, wọn yóò wo ìwé, wọn yóò sì sọ pé àwọn Yorùbá kò bìkítà fún èdè wọn lórí kọ̀ǹpútà. Àìríni kọ́ ni àìsíni, ṣùgbọ́n ẹni tí a kò rí, a kì í pín nǹkan dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkínní ni ti ìjọba. Ó yẹ kí àjọ NITDA, tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ayélujára wà níkàáwọ́ rẹ̀, bi gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba léèrè ètò ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń lò, iye òṣìṣẹ́ tí ó ń fi wọ́n ṣiṣẹ́, àti iṣẹ́ tí yóò dúró bí wọn kò bá sí mọ́. Kí a tẹ èsì náà síta. Ìbéèrè tí ó kẹ́yìn yìí ni ó ṣe pàtàkì jù lọ, nítorí pé ohun tí ó bá ń dá iṣẹ́ dúró bí kò bá sí ni ó yẹ kí a ná owó lé lórí.

Èkejì ni ti àwọn tí ó ń ṣe ètò. Kí wọ́n má fi agbára wọ ilé ẹni láti ka ẹni. Àwọn Debian, tí wọ́n ń kó ètò ọ̀fẹ́ jọ, ní ọ̀nà tí ó dára: wọn a bi ẹni tí ó ń lo ètò léèrè bóyá ó fẹ́ kí ẹ̀rọ òun máa ròyìn ohun tí ó wà lórí rẹ̀, bí ó bá kọ̀, ọ̀rọ̀ parí. Iye tí wọ́n ń rí nípa bẹ́ẹ̀ kò pé, wọ́n sì ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ayé. Ẹni tí a bi léèrè tí ó sì dáhùn níye lórí ju ọgọ́rùn-ún ẹni tí a ṣọ́ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lọ.

Ẹ̀kẹta ni tiwa. Bí a bá gba ètò ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí a wá orúkọ ẹni tí ó ṣe é, kí a sì kọ ìwé kékeré ránṣẹ́ sí i: ibi tí a wà, iye ènìyàn tí ó ń lò ó lọ́dọ̀ wa, ohun tí a fi ń ṣe, àti ibi tí ó ti ń ṣòro. Kí àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ní ìdálẹ̀ fi í kún iṣẹ́ wọn. Lẹ́tà kan láti Minna tàbí láti Bauchi, tí ó sọ pé ogójì ọmọ ń fi ètò báyìí kọ́ bí a ṣe ń kọ Yorùbá, ní ẹ̀rí nínú ju ẹgbẹ̀rún dáńlóòdù tí a kò mọ olówó rẹ̀ lọ.

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́mọ fúnra rẹ̀ kò bá sọ iye ọmọ tí ó ní, àjèjì ni yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà tí yóò máa ka iye ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí, òun náà ni yóò sì pín oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹnu ara wa sọ ohun tí a ń lò, kí iṣẹ́ àwọn ọmọ wa má bàa kú sí ojú wa.